Bí A Ṣe Ń Ka Pátákó Ìtàn Ẹ̀bá Ọ̀nà: Ojú Ogun, Ojú Irin àti Ọ̀rọ̀ Kékeré Náà "Wọ́n"

Bí ẹ bá ń gbé ní Virginia tàbí Maryland, tàbí tí ẹ máa ń gba ibẹ̀ kọjá lọ síbi ìgbéyàwó àti ìkómọ, ó dájú pé ẹ ti rí wọn: pátákó irin funfun tí wọ́n fi lẹ́tà dúdú kọ, tó dá dúró lórí òpó lẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ wa kì í dúró kà wọ́n. Ibi tí a ń lọ ń dúró dè wá, ẹni tó wa ọkọ̀ kò sì lè máa kàwé. Àlàyé yìí wà fún ọjọ́ tí ẹ bá ráyè dúró. Ẹ ó mọ ohun tí àwọn pátákó wọ̀nyí jẹ́, bí a ṣe ń ka ohun tó wà lára wọn, àti bí ẹ ṣe lè sọ ọ́ fún ọmọ yín ní Yorùbá. Ẹ ó sì rí i pé tí a bá ti ń sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, ìbéèrè kan máa ń yọjú tí Gẹ̀ẹ́sì máa ń jẹ́ kó fara pamọ́.

Ibo ni àwọn pátákó yìí ti wá?

Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló ní tiwọn, ṣùgbọ́n ti Virginia wà lára àwọn tó pẹ́ jù. Ọdún 1927 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rì wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ U.S. 1, èyí tó so Richmond pọ̀ mọ́ Washington. Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń tàn kálẹ̀. Àwọn ènìyàn ti ń fi ọkọ̀ ara wọn rìnrìn àjò afẹ́, ìjọba sì fẹ́ kí wọ́n dúró, kí wọ́n sùn, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sì ra epo ní Virginia. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ méjì ni pátákó ìtàn ń ṣe: ó ń kọ́ni, ó sì ń fa àlejò mọ́ra. Lónìí, wọ́n ti ju 2,500 lọ ní ìpínlẹ̀ náà.

Kí ló dé tí púpọ̀ nínú wọn fi dá lórí ogun? Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, tó jà láti 1861 sí 1865, ni ìdí rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó fẹ́ máa ní ẹrú lọ yapa kúrò lára orílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì fi Richmond ṣe olú ìlú wọn. Washington ni olú ìlú ìjọba àpapọ̀. Àárín ìlú méjèèjì kò ju nǹkan bí 100 máìlì lọ. Àárín yìí ni àwọn ọmọ ogun ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ fún ọdún mẹ́rin, ìdí sì nìyẹn tí ìjà fi pọ̀ ní Virginia ju ìpínlẹ̀ mìíràn lọ.

Ìdí náà ló fi jẹ́ pé pátákó ojú ogun àti pátákó ọ̀nà àtijọ́ kì í jìnnà síra. Ọ̀nà ni ogun ń tọ̀. Ibi tí ojú irin méjì ti pàdé, ibi tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ wọ́ odò kọjá, ibi tí afárá wà, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀gágun ń lépa. Ẹ wo Manassas, níbi tí ìjà ńlá àkọ́kọ́ ti wáyé ní ọjọ́ 21 oṣù Keje ọdún 1861. Oríta ojú irin ni ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun Gúúsù tó wá ṣe ìrànlọ́wọ́ wọ̀ dé láti àfonífojì Shenandoah, dídé wọn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹgbẹ́ wọn borí lọ́jọ́ náà.

Ohun tó wà lára pátákó

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Èdìdì ìpínlẹ̀ Virginia ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni lẹ́tà àti nọ́ńbà kan wà, irú bí E tí nọ́ńbà tẹ̀ lé. Lẹ́tà náà ń tọ́ka sí ọ̀nà tàbí agbègbè tí pátákó náà wà. Nọ́ńbà náà ni orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé ìjọba. Bí ẹ bá fẹ́ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ bá délé, nọ́ńbà yìí ni kí ẹ kọ sílẹ̀.

Àkọlé ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìtàn fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í gùn: ní òde òní, nǹkan bí 100 ọ̀rọ̀ ni. Nísàlẹ̀ pátápátá ni orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba tó gbé e kalẹ̀, àti ọdún kan. Ẹ má ṣe rò pé ọdún tí ìtàn náà ṣẹlẹ̀ nìyẹn o. Ọdún tí wọ́n rì pátákó náà mọ́lẹ̀ ni, òun gan-an ló sì yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Kí nìdí? Nítorí pé ọdún náà ń sọ fún yín irú ẹni tó lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ní 1927, òfin Virginia ya ènìyàn dúdú sọ́tọ̀ ní ilé-ìwé, nínú ọkọ̀ àti ní ilé ìwòran, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò sì rí ìbò dì. Wọn kò sí níbi tí wọ́n ti ń pinnu ohun tí pátákó máa sọ. Nítorí náà, púpọ̀ nínú àwọn pátákó àtijọ́ kò ju orúkọ ọ̀gágun àti ọjọ́ tó gba ibẹ̀ kọjá lọ. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa; ohun tí wọ́n fò ló pọ̀. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ pátákó tuntun ló dá lórí ilé-ìwé, ìjọ àti ibi ìsìnkú àwọn ènìyàn dúdú.

Ojú ogun méjì tí orúkọ wọn jọra

Àpẹẹrẹ kan tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú rú ni New Market àti New Market Heights. Ó ju 100 máìlì lọ láàárín wọn.

New Market wà ní àfonífojì Shenandoah. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 1864, àwọn ọmọ Gúúsù borí níbẹ̀. Ara àwọn tó jà fún wọn ni 257 akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ológun VMI tó wà ní Lexington. Mẹ́wàá nínú wọn kú. Ọ̀pọ̀ ìran ni wọ́n ti ń sọ ìtàn àwọn ọ̀dọ́ náà, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sì wà lórí pápá náà.

New Market Heights wà ní agbègbè Henrico, nítòsí Richmond. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, àwọn ọmọ ogun dúdú tó ń jà fún ìjọba àpapọ̀ kọlu àwọn ọmọ Gúúsù tó sápamọ́ sẹ́yìn odi tí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ mọ síbẹ̀. Ẹrẹ̀ ni ilẹ̀ tí wọ́n ní láti kọjá. Wọ́n sì ti to igi tí wọ́n gbẹ́ ṣóńṣó síwájú odi náà. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń sáré lọ sínú ọta yẹn ti jẹ́ ẹrú rí. Wọ́n mọ̀ pé bí ọwọ́ bá tẹ̀ wọ́n, wọ́n lè pa wọ́n tàbí kí wọ́n dá wọn padà sí oko ẹrú. Wọ́n gba odi náà. Ọmọ ogun dúdú 14 ló gba Medal of Honor, àmì ẹ̀yẹ ológun tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, nítorí ìjà òwúrọ̀ ọjọ́ kan yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Baltimore, ẹ mọ orúkọ kan nínú wọn: Christian Fleetwood. Baltimore ni wọ́n bí i sí ní 1840, kì í sì í ṣe ẹrú. Nígbà tí àwọn tó gbé àsíá ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ló gbé e tí kò jẹ́ kó kan ilẹ̀. Ẹlòmíràn ni Powhatan Beaty, tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Richmond. Nígbà tí ọta ti mú gbogbo ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀ balẹ̀, ó bọ́ síwájú, ó sì kó àwọn yòókù lọ. Ìlú tí wọ́n bí i lẹ́rú sí ni ó padà wá jà lẹ́nu odi rẹ̀.

Ẹ ti rí i báyìí pé bí ènìyàn bá ka pátákó kan ṣoṣo, tó sì wakọ̀ lọ, ìdajì ìtàn ló gbọ́.

Ihò tó gba abẹ́ òkè kọjá

Ẹ jẹ́ kí a kúrò lórí ogun, kí a bọ́ sórí ìrìnnà. Láàárín Charlottesville àti Staunton, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Afton, òkè Blue Ridge dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ ojú irin tó fẹ́ lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Ìjọba Virginia gbé iṣẹ́ fún Claudius Crozet, ẹnjiníà ọmọ Faransé, pé kó wá ọ̀nà. Láti 1850 sí 1858 ni iṣẹ́ náà fi wà lọ́wọ́. Gígùn ihò tí wọ́n gbẹ́ jẹ́ 4,273 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì dín díẹ̀ sí máìlì kan. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, kò sí ihò ọkọ̀ ojú irin tó gùn tó o ní gbogbo Àríwá Amẹ́ríkà.

Wọn kò tíì ṣe dynamite nígbà yẹn. Òòlù, irin ṣóńṣó àti ẹ̀tù ìbọn ni wọ́n ń lò. Láti apá ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn òkè náà ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ bọ̀ títí wọ́n fi pàdé láàárín ní òpin ọdún 1856. Ọkọ̀ ojú irin gba ibẹ̀ títí di 1944. Láti 2020 ni wọ́n ti ṣí i fún àwọn tó fẹ́ fẹsẹ̀ rìn ín. Ẹ lè mú ọmọ lọ. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, nítorí òkùnkùn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, òtútù sì wà.

Ìlú kan wà nítòsí ibẹ̀ tó ń jẹ́ Crozet, orúkọ ẹnjiníà náà. Àwọn tó di òòlù mú ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Ireland tí ebi lé kúrò nílé. Àrùn onígbáméjì pa púpọ̀ nínú wọn ní 1854. Àwọn yòókù jẹ́ ẹrú aláwọ̀ dúdú tí àwọn tó ni wọ́n fi háyà fún iṣẹ́ náà. Owó iṣẹ́ wọn kò kan ọwọ́ wọn. Àpò ẹni tó ni wọ́n ló ń bọ́ sí.

Ọmọ yín lè béèrè pé, "Ṣé Yorùbá ni wọ́n?" Òtítọ́ ni kí ẹ sọ. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí ọkọ̀ gbé dé Point Comfort ní Virginia ní 1619 wá láti agbègbè Ndongo, ní Angola ti òní. Brazil àti Kúbà ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ, pàápàá ní àwọn ọdún 1800. A kò nílò láti sọ pé ará ilé wa ni àwọn tó gbẹ́ òkè náà kí a tó bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ wọn.

Ìjókòó kan nínú bọ́ọ̀sì

Kì í ṣe gbogbo ibi ìtàn ìrìnnà ló ní afárá tàbí ihò. Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 1944, Irene Morgan, obìnrin ẹni ọdún 27, wọ bọ́ọ̀sì ní agbègbè Gloucester ní Virginia, ó ń padà sí Baltimore. Awakọ̀ ní kó dìde fún aláwọ̀ funfun. Ó kọ̀. Ní Saluda ni wọ́n ti mú un. Ó gbà láti san 100 dọ́là nítorí pé ó bá ọlọ́pàá jà, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti san owó ìtanràn 10 dọ́là tí wọ́n bù fún un nítorí ìjókòó náà. Ẹjọ́ 10 dọ́là yẹn dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, Thurgood Marshall sì wà lára àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1946, ilé ẹjọ́ náà dájọ́ pé òfin Virginia tó ya èrò sọ́tọ̀ kò lè de èrò inú bọ́ọ̀sì tó ń ti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìdájọ́ yìí ni Rosa Parks tó kọ̀ láti dìde ní Montgomery.

"Wọ́n" ta ni?

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí èdè. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà kan tó fi ń sọ pé iṣẹ́ ti ṣe, láìdárúkọ ẹni tó ṣe é. Pátákó ìtàn fẹ́ràn rẹ̀ gan-an: odi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, tàbí ihò, tàbí afárá, bí ẹni pé ohun náà kọ́ ara rẹ̀. Yorùbá kì í sábà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò. Ẹ lè sọ pé "ihò náà di gbígbẹ́", ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé. Ohun tó máa wá sẹ́nu yín ni: "Wọ́n gbẹ́ ihò náà." Bí ọmọ yín bá ń fetí sílẹ̀, ìbéèrè tó kàn nìyí: "Ta ni wọ́n?"

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ló máa ń sọnù lára pátákó. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ wá a.

Ẹ ṣọ́ra fún "a" pẹ̀lú. "A gbẹ́ ihò náà" dára nínú ìwé, ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè lè rò pé àwa gan-an la gbẹ́ ẹ.

Ohùn ọ̀rọ̀ náà tún ń yí padà. Bí ó bá ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ohùn òkè ni: "wọ́n lọ". Bí ó bá ń tọ́ka sí ẹni tó ni nǹkan, ohùn àárín ni: "ilé wọn". Bí ó bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe, ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe náà ló máa pinnu: "ó rí wọn", ṣùgbọ́n "ó pè wọ́n" àti "ó pa wọ́n".

Ẹ kíyè sí "ogun" náà. Ohùn àárín méjì ni ogun tí wọ́n ń jà. "Ogún" ni ohun tí òbí fi sílẹ̀ fún ọmọ, òun náà sì ni nọ́ńbà 20. "Ògún" ni òrìṣà irin. "Oògùn" ni ohun tí a ń lò sí àìsàn, "òógùn" sì ni omi ara ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti jà ni "ojú ogun" tàbí "pápá ogun". "Odi" ni ohun tí wọ́n mọ yí ìlú tàbí ibùdó ká, "yàrà" sì ni kòtò gígùn tí wọ́n gbẹ́ sẹ́yìn odi. "Àgbá" ni ìbọn ńlá. Irin tí ọkọ̀ ń sáré lé ni "ojú irin"; ọkọ̀ náà ni "ọkọ̀ ojú irin", ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbà ṣì ń pè é ní "rélùwéè", láti ìgbà tí ojú irin ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901.

Nílé, orúkọ máa ń ṣe iṣẹ́ pátákó. Ogun tí Ìbàdàn àti àwọn Èkìtìparapọ̀ bá ara wọn jà láti 1877 ń jẹ́ Kírìjì nítorí ìró ìbọn tó ń dún láàárín àwọn òkè. Ẹni tí kò mọ̀wé kà pàápàá gbọ́ ìró ogun náà nínú orúkọ rẹ̀.

Bí ẹ bá dúró

Ẹ wá ibi tí ọkọ̀ lè yà sí dáadáa. Etí márosẹ̀ kì í ṣe ibi eré. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ka ọdún tó wà nísàlẹ̀. Ẹ ní kó ka orúkọ ènìyàn tó wà níbẹ̀, mélòó ni. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jọ sọ ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá, gbólóhùn mẹ́fà péré. Àpẹẹrẹ tiwa nìyí, tí ẹ lè kà ní ẹnu ihò Blue Ridge:

"Láti 1850 sí 1858, àwọn ará Ireland àti àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú gbẹ́ ihò yìí gba abẹ́ òkè. Òòlù, irin àti ẹ̀tù ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Claudius Crozet ló ń darí wọn. Àwọn ará Ireland gba owó iṣẹ́ wọn. Owó iṣẹ́ àwọn ẹrú bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ níbí ni a kò kọ orúkọ wọn sára òkúta kankan."

Ohun kan ṣì kù. Ní Virginia, ìjọba nìkan kọ́ ló ń dá àbá pátákó. Ìjọ, ilé-ìwé, ẹgbẹ́ tàbí ẹbí lè kọ̀wé béèrè fún un. Ìtàn náà gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 50 ó kéré tán, kò gbọdọ̀ dá lórí ẹni tó ṣì wà láàyè, ẹni tó béèrè ló sì ń sanwó rẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba bá ti yẹ ẹ̀rí wò. Àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ wa tó ti pẹ́ ní ìlú yẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ìwé ìpàdé, fọ́tò àti orúkọ àwọn tó dá wọn sílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá fẹ́ kọ ìtàn yín sára irin, kó má bàa jẹ́ "wọ́n" nìkan ló máa rí kọ.